Ọ̀gágun Sherman tó pín ilẹ̀ fún àwọn ẹrú: ṣé ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Dérẹ́bà Georgia:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ni wọ́n fún níṣẹ́ àmúrelé nípa William Tecumseh Sherman, ọ̀gágun ìhà Àríwá nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tí Àríwá bá ìhà Gúúsù tó ya kúrò jà láti 1861 sí 1865. Georgia níbí là ń gbé, Sherman yìí ló sì fi iná la Georgia já láti Atlanta títí dé etí òkun. Ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, èèyàn dáadáa ni àbí èèyàn burúkú?" Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún mi rèé. Ẹrù ni mo ń fi tírélà gbé lọ sí èbúté Savannah. Bí mo bá ń dúró kí wọ́n já ẹrù, mo máa ń rìn wọ àárín ìlú. Ilé ńlá kan wà létí Madison Square níbẹ̀. Inú ilé yẹn ni Sherman dé sí nígbà tó gba Savannah lóṣù Kejìlá 1864, tó kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln pé òun fi ìlú náà ta á lọ́rẹ Kérésìmesì, pẹ̀lú àgbá ńlá 150 àti nǹkan bí 25,000 bélì òwú. Inú ilé yẹn náà ni àlùfáà dúdú 20 ti wá jókòó níwájú Sherman àti Edwin Stanton, mínísítà ogun, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1865. Àwọn kan nínú wọn ṣì jẹ́ ẹrú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà. Garrison Frazier, ẹni ọdún 67, ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ. Ní 1857, ọkùnrin yìí fi 1,000 dọ́là, wúrà àti fàdákà, ra ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Wọ́n bi í pé báwo lẹ ṣe fẹ́ máa tọ́jú ara yín? Ó ní kí àwọn ní ilẹ̀, kí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn ro ó.

Ọjọ́ kẹrin ìpàdé yẹn ni Sherman fọwọ́ sí Àṣẹ 15. Gbogbo erékùṣù láti Charleston lọ sí gúúsù, àti oko ìrẹsì tí àwọn olówó sá fi sílẹ̀ létí odò títí wọnú ilẹ̀ ní 30 máìlì, títí dé odò St. Johns ní Florida, kí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, kí ilẹ̀ ìdílé kan má ju 40 éékà lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan náà yìí ni kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú gbé ìbọn nínú ọmọ ogun òun. Kò fi bò, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Kí ni kí n wí fún ọmọ mi?

Ìyá Ìbejì Agége:

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò rí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ẹni tó fún ẹrú nílẹ̀, oore ló ṣe. Bóyá ó fẹ́ràn wọn tàbí kò fẹ́ràn wọn, ìyẹn kù sáàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́. Oko olóko ni bàbá mi ro títí irun rẹ̀ fi funfun, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tó ra pulọ́ọ̀tì méjì tirẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó fi kan iwájú orí. Mo wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn:

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lancaster ní Ohio ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1820. Tecumseh tó wà láàárín orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ olórí ogun àwọn Shawnee, àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ràn akíkanjú náà tó fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. Adájọ́ ni bàbá náà, ó kú ní 1829, ó fi ọmọ 11 sílẹ̀ fún opó. Àwọn ẹbí àti aládùúgbò pín àwọn ọmọ náà tọ́. Thomas Ewing, tó di sẹ́nétọ̀, ló mú Sherman. Nígbà tó dàgbà, Ellen ọmọ Ewing ló fi ṣaya ní 1850. Nílẹ̀ wa, àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan láti kékeré, a kò ní fọwọ́ sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní tiwọn kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Ó jáde ní West Point, iléèwé ológun Amẹ́ríkà, ní 1840, ipò kẹfà ló gbà. Ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó lọ ṣe máníjà báńkì ní San Francisco, báńkì náà kógbá wọlé ní 1857. Ní 1859 ó di ọ̀gá iléèwé ológun ní Louisiana, èyí tó di yunifásítì ìpínlẹ̀ náà lónìí. Àwọn ọmọ olówó ẹrú ló ń kọ́. Ó fẹ́ràn wọn, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Oko ẹrú kò sì jẹ́ ìṣòro kankan lójú rẹ̀. Nígbà tí Louisiana ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní 1861, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí orílẹ̀-èdè má pín sí méjì, ohun tó lé e lọ sójú ogun nìyẹn. Kò bá ti ẹrú lọ.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í ṣọ́ Kentucky. Ó sọ fún mínísítà ogun ìgbà náà pé 60,000 sójà lòun nílò láti di ibẹ̀ mú, àti 200,000 kí àwọn tó lè lé ọ̀tá jìnnà. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ jáde pé orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ láti sinmi. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nínú ìjà Shiloh, oṣù Kẹrin 1862, ẹṣin mẹ́ta kú mọ́ ọn nídìí, ìbọn bà á lọ́wọ́, kò kúrò lójú ìjà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Willie ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá kí i ní ibùdó ogun, ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú un, ó kú ní Memphis. Sherman dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun lòun ní kí wọ́n wá. Lẹ́yìn ikú yìí ló tó wọ Georgia.

Sójà Fẹ̀yìntì:

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ọdún 22 ni mo fi sìn, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ológun wò ó.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 1864, Sherman ní kí àwọn ọmọ ogun òun kọlu òkè Kennesaw ní tààrà. Láàárín wákàtí mélòó kan, nǹkan bí 3,000 ló bá a lọ, òkú àti ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ó kọ́gbọ́n. Nígbà tó gba Atlanta ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ó ti rí i pé oko ló ń bọ́ sójà Gúúsù, rélùwéè ló ń gbé ìbọn wọn. Ó kó 62,000 sójà jáde ní Atlanta láàárín oṣù Kọkànlá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ já okùn oúnjẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa jẹ nínú oko ọ̀tá. Ìpinnu yẹn gba àyà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ba rélùwéè jẹ́. Wọ́n á tú irin, wọ́n á kó pákó abẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á fi dáná, wọ́n á gbé irin lé e títí àárín rẹ̀ á fi pọ́n bí ẹyin iná. Sójà á gbá a mú ní orí méjèèjì, wọ́n á sì wé e mọ́ ìdí igi bí obìnrin ṣe ń wé gèlè. Irin bẹ́ẹ̀ kò ṣeé nà mọ́. Táì Sherman ni wọ́n ń pè é.

Olórí ìlú Atlanta bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé àwọn aráàlú kúrò nílé. Ó kọ̀wé padà pé ìkà ni ogun, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, àwọn tó fà á wọ ìlú ni èpè tọ́ sí. Mo gbà pé ìkà ni. Ṣùgbọ́n mo wà ní Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, mo rí ogun tó ń fà bí ìfun, tó ń lọ tó ń bọ̀, aráàlú ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ọ̀gágun tó bá lè fi iná sun àká kó má baà sin ẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin, èmi ò lè bú u.

Àbíkẹ́ Houston:

Ẹ̀gbọ́n Sójà, ẹ má bínú sí mi, àbúrò yín ni mí. Ẹ kò dárúkọ odò Ebenezer.

Bí ọmọ ogun Sherman ṣe ń kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú fi oko sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé wọn. Ìyá pọn ọmọ, arúgbó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1864, wọ́n dé odò Ebenezer, nítòsí Savannah. Odò kún, omi tutù nini. Ọ̀gágun Jefferson C. Davis tó wà lábẹ́ Sherman (orúkọ ló bá olórí Gúúsù mu, ẹni ọ̀tọ̀ ni) ní kí àwọn ènìyàn dúdú yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí sójà kọ́kọ́ kọjá. Sójà tó kẹ́yìn gun òkè tán, wọ́n ká afárá nílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, omi wà níwájú. Àwọn kan bẹ́ sódò. Àwọn sójà kan tó wà lódì kejì ń ju igi sí wọn, wọ́n ń sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló bómi lọ. Àwọn tí wọn ò bẹ́, ọ̀tá kó wọn padà sóko ẹrú.

Ẹnikẹ́ni kò fìyà jẹ Davis. Sherman gbè é, ó ní ọ̀ràn ogun ni.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé Washington ló di wàhálà, ó sì wà lára ohun tó gbé Stanton wá sí Savannah. Ilẹ̀ tí a ń dúpẹ́ lé lórí yìí, ẹ wò ó dáadáa: ọ̀gágun tó fẹ́ wọ South Carolina kò fẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá àti ọmọ tún tẹ̀ lé òun. Ó wá ibì kan tí yóò fi wọ́n sí.

Dérẹ́bà Georgia:

Àǹtí Àbíkẹ́, mo ti wakọ̀ kọjá ní agbègbè yẹn láìmọye ìgbà, mi ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, Stanton ní kí Sherman bọ́ síta díẹ̀ kó lè bi àwọn àlùfáà léèrè nípa rẹ̀. Inú bí Sherman gan-an. Bó ṣe jáde, Frazier ní àwọn kan nínú àwọn ti lọ kí i bó ṣe dé ìlú, ó sì gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bóyá kò tiẹ̀ lè gba mínísítà fúnra rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ẹ̀gàn nípa ènìyàn dúdú ni wọ́n jẹ́rìí rere sí yìí. Àgbà ni Frazier, mi ò lè sọ pé kò mojú èèyàn.

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn:

Frazier mojú èèyàn. Ó sì tún mọ ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gbàgbé pé òun ló kọ́kọ́ dárúkọ ilẹ̀ nínú ilé yẹn.

Ó ku bí ilẹ̀ náà ṣe lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà 1865, nǹkan bí 40,000 èèyàn ti dúró lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n ti gbin nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa Lincoln lóṣù Kẹrin. Andrew Johnson tó gbapò rẹ̀ dárí ji àwọn olówó ẹrú, ó sì ní kí wọ́n dá ilẹ̀ wọn padà fún wọn. Oṣù Kẹwàá ni Ọ̀gágun Oliver Howard, olórí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó gba òmìnira, lọ sí Edisto, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù yẹn, láti sọ ọ́ fún àwọn èèyàn náà. Ogun ti gé ọwọ́ ọ̀tún Howard. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí ji àwọn olóko àtijọ́.

Wọ́n yan ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n kọ̀wé sí i. Mo máa ń ka ìwé yẹn sétí àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní: ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ogun gbà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lè dárí jì wọ́n. Ẹni tó so mí mọ́ igi, tó nà mí ní pàṣán 39, tó bọ́ ìyá mi àti arábìnrin mi sí ìhòòhò tó nà wọ́n, tí kò jẹ́ kí n gbé inú ahéré rẹ̀ tó ṣófo àfi tí mo bá ro oko rẹ̀ ní iye tó bá wù ú, ẹni yẹn, ó ṣòro fún mi láti dárí jì.

Sherman wá ńkọ́? Nígbà tó gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1875, ó ní àṣẹ tí òun pa kò ju kí wọ́n fi rí ibi dúró sí fúngbà díẹ̀.

Ìyá Ìbejì Agége:

Yéè! Wọ́n gbin nǹkan sí i kí wọ́n tó lé wọn? Ẹ jọ̀ọ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi àná jẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá fún ọ tí wọn ò fún ọ níwèé tó dúró, ayálégbé ni ọ́ níbẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkó níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. James Churchwill Vaughan, ọmọ Camden ní South Carolina, tí ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé Yorùbá ni bàbá rẹ̀, fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ṣáájú ogun náà. Làìbéríà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó bá àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi wá sílẹ̀ wa, ó ń ṣe káfíńtà fún wọn. Ó wà ní Ìjàyè nígbà tí Ìbàdàn gbógun tì í, tí ìlú náà tú ní 1862. Ó sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì kúrò níbẹ̀ wá sí Èkó ní 1867, ó di oníṣòwò ńlá. Àwọn ẹbí tó fi sílẹ̀ ṣì wà ní Camden nígbà tí ẹ̀ka ọmọ ogun Sherman gba ibẹ̀ kọjá lóṣù Kejì 1865, tí wọ́n dáná sun òwú àti ibùdó rélùwéè. Ẹbí kan ṣoṣo, ogun méjì, etí òkun méjì. Ọmọọmọ rẹ̀, Dókítà Vaughan, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934.

Ẹ tún rántí pé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tẹ̀ dó ní 1970 láti máa bọ òrìṣà Yorùbá, Sheldon ní South Carolina ló wà. Etí òkun tí Sherman pín yẹn náà ni.

Nọ́ọ̀sì Albuquerque:

Ẹ̀ ń sọ ti ènìyàn dúdú, kò sì burú. Ìhà ọ̀dọ̀ mi níbí, àwọn Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, la jọ ń ṣiṣẹ́, ìtàn Sherman tiwọn yàtọ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, òun ló di olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà, 1869 sí 1883. Ní oṣù Kejìlá 1866, nígbà tí àwọn Sioux, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, pa sójà, ó kọ̀wé sí Ọ̀gágun Grant, ọ̀gá rẹ̀, pé kí wọ́n gbẹ̀san lára wọn títí wọn yóò fi run wọ́n, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ Tecumseh ló kọ ọ́.

Oṣù karùn-ún 1868, ọdún kan àbọ̀ sígbà yẹn, ó dé Bosque Redondo níbí ní New Mexico, níbi tí wọ́n sé àwọn Navajo mọ́ tí wọ́n ń kú lébi. Ó fẹ́ kó wọn lọ sí Oklahoma. Barboncito, agbẹnusọ wọn, kọ̀ jálẹ̀: àfi ilẹ̀ àwọn. Sherman gbọ́ ọ, ó yí ọkàn padà, ó fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, wọ́n sì padà sílé. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tí mo máa ń bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe ẹnu Barboncito, òun ì bá má mọ ibi tí ìwọ́ òun wà. Kò dárúkọ Sherman.

Sójà Fẹ̀yìntì:

Àbíkẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ odò yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní èsì. Ọ̀gá tó bá gbè irú ìyẹn, ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí Sherman kú ní New York ní oṣù Kejì 1891, Joseph Johnston, ọ̀gágun Gúúsù tó túúbá fún un ní 1865, wà lára àwọn tó bá wọn sin ín. Ẹni ọdún 84. Òtútù mú gan-an, wọ́n ní kó dé fìlà, kò dé e, torí ọ̀wọ̀. Òtútù wọ̀ ọ́ lára, kò pé oṣù méjì tó fi kú. Ọ̀tá tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí fún ẹ, nǹkan kan wà lára ẹ.

Àbíkẹ́ Houston:

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Àdéhùn tó fún Johnston nígbà yẹn tiẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Washington fi dá a nù. Òun tó jó ilé wọn ló tún fẹ́ kí wọ́n padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ojú àánú rẹ̀ rí kíákíá, àti ẹni tó gba ìpàdé, àṣẹ àti mínísítà kó tó rí i.

Dérẹ́bà Georgia:

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà lálẹ́ àná, mo ń túmọ̀ ibi tí Yorùbá rẹ̀ kò dé. Nígbà tí a dé ibi lẹ́tà Edisto, ó ní kí n tún un kà. Ó ti pa àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Garrison Frazier ló fẹ́ kọ nípa rẹ̀ báyìí, Sherman á wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e lọ sí Savannah, kó fojú ara rẹ̀ rí ilé náà.

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn:

Ó káre. Sọ fún un kó má fi ti James Lynch sílẹ̀. Wọ́n bi àwọn àlùfáà náà pé ṣé àárín àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n fẹ́ máa gbé àbí lọ́tọ̀. Frazier ní lọ́tọ̀, nítorí ìkórìíra tó wà ní Gúúsù yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tán. Gbogbo wọn gbè é, àfi Lynch, ẹni ọdún 26, tó ní kí wọ́n máa gbé pọ̀. Lynch yìí di akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Mississippi lẹ́yìn náà. Kí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ẹni tí òun ì bá tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì, ká ní òun wà nínú yàrá yẹn.